Ta Ló Ya Ẹnu Ògiri Rodel?

Omi kì í ṣàn ní oṣù kìíní ní ìlú Winnipeg ní Kánádà. Itọ́ téèyàn bá tu lójú títì, kó tó délẹ̀ ó ti dì. Odò tó gba àárín ìlú kọjá á le débi pé àwọn ọmọdé á máa sáré kiri lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí Darka Pylypiuk, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, fi dúró nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì í bọmi ní kékeré, tó ń wo omi tó rọ́ jọ sídìí ògiri kọnkéré, tó sì ń mi orí.

"Níbo lo ti wá?" ó bi omi náà.

"Omi lò ń bi léèrè?" Ìyá Stefka Bodnar sọ látẹ̀yìn. "Ẹni tó yẹ kó o bi wà níta nínú ọkọ̀ rẹ̀. Lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí ọkàn wa balẹ̀."

Ìyá Stefka ni olórí àwọn ìyá tó máa ń pọ́n pírógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dúnkún sínú rẹ̀, tà fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ibi ìdáná abẹ́ ilẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì ń dé ibi tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ò dé. Ó ti tẹ́ àwọn aṣọ pẹpẹ sórí tábìlì gígùn níwájú rẹ̀, aṣọ funfun tí àwọn ìyá tó ti kú fi abẹ́rẹ́ àti òwú pupa ya òdòdó sí. Omi ti bà wọ́n jẹ́. Àwọ̀ òwú pupa ti yọ sára funfun, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ náà nu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó bí Stefka ló rán an, Stefka ò sì tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí ìyẹn láti àárọ̀.

Ẹ̀sùn náà ò ṣòro láti sọ. Ògiri yẹn ti sán tipẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí yìnyín bá sì ti ń yọ́ nígbẹ̀yìn òtútù ni omi máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Lóṣù kẹwàá, Fada Markian pe Rodel Macaraeg, ọmọ ilẹ̀ Filipínì kan tó ń tún ògiri abẹ́ ilẹ̀ ṣe káàkiri àdúgbò. Rodel dí ojú sísán náà, ó ní kí wọ́n máa gbé ẹrù síbẹ̀ láìfòyà. Wọ́n gbé àpótí aṣọ pẹpẹ síbẹ̀. Láàárọ̀ àjọ̀dún Jọ́dánì, ọjọ́ tí wọ́n máa ń bùkún omi, àwọn ìyá sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n bá omi nílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Rodel. Bó ṣe ń wọlé ni Ìyá Stefka pè é ní olè lójú gbogbo ìjọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fada gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Bí Darka bá kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé jìbìtì ni, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Rodel. Iṣẹ́ ògiri yìí nìkan ló mọ̀, òun náà ló sì fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

*

Rodel wọlé, ó ṣí fìlà. Ó na ọwọ́ sí Ìyá Stefka láti kí i.

Ìyá Stefka wo ọwọ́ náà, ó sì kó tirẹ̀ sẹ́yìn. Orí ìka Rodel dúdú kirikiri, bí ẹni tó fi ọwọ́ kó èédú.

"Ẹni tí ò lè fọwọ́, ló fẹ́ tún ògiri Ọlọ́run ṣe," Ìyá Stefka ń kùn.

Ojú ti Darka. Abẹ́ òrùlé yìí ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kéèyàn máa ṣe àlejò dáadáa. Ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó bọ Rodel lọ́wọ́ gbọn-in.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, Ọ̀gá," Rodel sọ. "Oje tí mo ń fọn sínú ògiri ni. Bó bá ti kan ara báyìí, ó dúdú nìyẹn. Ọṣẹ ò ràn án."

"Ó máa ń tó ìgbà wo kó tó lọ?"

"Ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́."

Darka rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú. "Ẹ sọ fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Rodel. Báwo lẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Mo máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké tẹ̀ lé ojú sísán náà látìsàlẹ̀ dókè. Ihò ìsàlẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù fọn oje sí. Tó bá ti yọ lẹ́nu ihò tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ pé àárín méjèèjì ti kún nìyẹn, mo dí ìsàlẹ̀, mo bọ́ sí tòkè. Inú ògiri lohun tó ṣàn bí òróró yẹn ti máa wú, tó máa di fóòmù, tó máa le. Ó ń kún látinú dé ìta."

"Ìwọ lo kún, kì í ṣe ògiri," Ìyá Stefka já lu ọ̀rọ̀ náà. "Lójú tiwa lo jókòó, lo jẹ pírógì títí ilẹ̀ fi ṣú!"

Darka yíjú sí i. "Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ yẹn náà?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tá a máa ń pọ́n pírógì ni. Gbogbo wa ló wà níbí, ọwọ́ wa wà nínú ìyẹ̀fun, èmi fúnra mi ni mo bu oúnjẹ fún un. Torí kí ni?"

"Kò sí torí kankan, Ìyá. Inú mi dùn pé ẹ fún un lóúnjẹ."

*

Ohun tí Darka kọ́kọ́ fura sí ni ẹ̀rọ omi ibi ìdáná. Bí ẹnì kan bá gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, ta ló máa jẹ́wọ́? Ó tú u sílẹ̀ pátápátá, ó jẹ́ kí omi kún ojú agbada fífọwọ́, kó ṣàn sílẹ̀. Omi náà dorí kọ ẹnu ọ̀nà, ó bá ihò ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ibi ìdáná dagẹ̀rẹ́ sí ìhà ọ̀hún. Kò sí bí omi ibẹ̀ ṣe lè gun òkè wá sídìí ògiri.

"O ti da omi sí mi ní bàtà," Ìyá Stefka sọ.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ó ku ẹnì kan nínú àwọn tí mo fura sí."

Ẹni tó tún fura sí ni Wes Thiessen, atúnléṣe kan tó ti béèrè iṣẹ́ ògiri náà kí Fada tó gbé e fún Rodel. Àwọn kan rí ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù kẹwàá. Darka pè é lórí fóònù.

"Inú ń bí mi, mi ò purọ́," Thiessen sọ. "Ṣùgbọ́n èmi a máa ba ògiri jẹ́ kẹ̀? Nínú ìlú yìí? Ilẹ̀ ń bá mi bà á jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé tó ń dúró dè mí pọ̀ ju ọjọ́ tó kù fún mi láyé lọ."

"Kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn?"

Thiessen rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo wá ra pírógì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Tirẹ̀ ò dùn tó tiwọn."

Darka bi Ìyá Stefka. Lóòótọ́ ni, ọkùnrin náà ra púpọ̀, ó jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, ó sì lọ.

*

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Darka ní kí Rodel gbẹ́ ibi tó ti jò, bíi déédéé orúnkún. Rodel gbé irin sí i, ó rọra ń kàn án ní òòlù, ìkarahun kọnkéré ń bọ́. Lókè, fóòmù kún ojú sísán náà dẹ́nu. Nísàlẹ̀ náà, ó kún. Ṣùgbọ́n níbi tó ti jò, òfo ni. Darka ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, wáyà náà wọlé títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ẹ ò rí i?" Ìyá Stefka pariwo. "Kò fi nǹkan kan síbẹ̀!"

Ojú Rodel ti yí padà. Ó dà bí ẹni tó ti ń gba ohun tí wọ́n ń wí nípa rẹ̀ gbọ́.

"Ẹ dúró ná." Darka tan iná, ó sún mọ́ ibẹ̀ débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ìyókù fóòmù wà létí òfo náà yí ká, ṣùgbọ́n ó fà gùn, ó tín-ín-rín, gbogbo ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ ìta. "Ọ̀gbẹ́ni Rodel, tí fóòmù yín bá ti le, téèyàn bá fẹ́ yọ ọ́, báwo ló ṣe máa ń ṣe?"

"Ó máa ń kán ni. Bíi bisikíìtì."

"Tó bá ṣì rọ̀ ńkọ́?"

"Á máa fà. Bíi wàràkàṣì gbígbóná."

"Ẹ wo eléyìí."

Rodel wò ó. Ìyá Stefka náà fi aṣọ sílẹ̀, ó wá wò ó.

"Ẹnì kan fà á yọ nígbà tó ṣì rọ̀," Darka sọ. "Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Látìta ló sì ti fà á, torí pé ẹ ti dí ẹnu inú níbí."

"Òun náà ni!" Ìyá Stefka sọ. "Ó fà á yọ kó lè tún gbaṣẹ́!"

"Ìyá, níbo ló wà lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú?"

Ìyá Stefka wo àwo tó wà lórí àgbékà, ó wo Rodel, ó sì padà sídìí aṣọ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò lè gbójú sókè wo ọkùnrin náà mọ́.

*

Lẹ́yìn ògiri níta, yìnyín ga dé itan. Darka gba ṣọ́bìrì, ó wà á títí ó fi kan ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilẹ̀ àdúgbò náà, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, á súnkì kúrò lára ògiri, àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀ á sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ni Darka ti rí i: omi tó dì gbagidi ló dí ẹnu àlàfo náà. Kì í ṣe yìnyín tó jábọ́ látòkè. Ẹnì kan ló da omi síbẹ̀, púpọ̀ ti wọ inú ilẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyókù dì sókè.

Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè kéékèèké há sínú omi dídì náà. Darka fi irin hú ọ̀kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rá a títí ó fi rọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Oyin ló ń rùn.

Ìda oyin ni. Ó dúró síbẹ̀ nínú òtútù náà, kò fẹ́ wọlé mọ́. Gbogbo ọmọ ìjọ náà ló mọ omi tí ìda oyin máa ń wà nínú rẹ̀.

Ó bá Fada Markian lẹ́yìn pẹpẹ.

"Fada, lọ́jọ́ Jọ́dánì, ẹ máa ń ri àbẹ́là ẹlẹ́ka mẹ́ta bọ inú omi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Omi ọdún tó kọjá tó bá ṣẹ́ kù nínú àgbá ńkọ́?"

"A ò gbọ́dọ̀ dà á sí gọ́tà. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀ la máa ń dà á sí. Èyí tá a dà lọ́dún yìí tiẹ̀ pọ̀, torí ìjì yìnyín èṣí ò jẹ́ kí èèyàn wá bu omi."

"Ta ló ń dà á?"

"Bàbá Zenon. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí mi ò tíì dé ìjọ yìí." Fada kọjú sí i. "Darka, omi lásán nìyẹn. Ṣé ògiri tí wọ́n tún ṣe ò yẹ kó gba omi dúró ni?"

"Ó yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi yín ní nǹkan kan sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé iṣẹ́ Rodel, ṣé ẹ rí nǹkan kan lára Bàbá Zenon?"

Fada ronú. "Ó wọ ìbọ̀wọ́ kọrin. Ó ní òtútù jẹ òun níka."

"Lóṣù kẹwàá? Òtútù wo?"

"Mi ò bi í." Ohùn Fada rẹlẹ̀. "Ta ló máa bi Bàbá Zenon ní irú ìbéèrè yẹn?"

*

Zenon Hrabets ni àgbà akọrin ìjọ náà. Òun ló ń dá orin tí gbogbo ìjọ ń gbè, òun ló kọrin níbi ìgbéyàwó àwọn òbí Darka, òun náà ló kọrin sin wọ́n. Darka bá a níbi tó ti ń to ìwé orin. Ó wù ú kó yíjú padà.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Darka mi! Ṣé o ti mú olè náà?"

"Olè kọ́ ni, Bàbá. Ẹ sì mọ̀."

Ìwé kan bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

"Mo rí ìda nínú omi níta," Darka sọ.

"Omi mímọ́ ni mo dà. Ṣé ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìbọ̀wọ́ oṣù kẹwàá ni mo wá bi yín."

Bàbá Zenon jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti mọ́ tipẹ́tipẹ́.

"Mo jáde síta lọ́jọ́ náà," ó sọ. "Mo rí ohun ìríra kan tó ń wú jáde látinú ilẹ̀, ó ń hó, ó ń rùn. Níbi tí mo máa ń da omi Jọ́dánì sí! Ibi tí mi ò jẹ́ kí ajá ẹsẹ̀ mẹ́rin gbà kọjá! Mo rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, mo fà á, ó ń gùn bí ìfun ẹran. Mo fà á títí ó fi já. Mo lọ sun ún. Ọwọ́ mi dúdú, ojú sì ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé."

"Ẹ ò mọ̀ pé ògiri lẹ tú."

"Mi ò mọ̀, Ọlọ́run ń gbọ́."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé tó bọ́ sílẹ̀.

"Àárọ̀ àjọ̀dún, àbí? Nígbà táwọn ìyá pariwo nísàlẹ̀?"

"Mo ń kọrin lọ́wọ́," Bàbá Zenon sọ. "Mo gbọ́ igbe Stefka. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ni mo da gbogbo àgbá náà síbẹ̀. Mo rò ó pé tí orin bá parí, màá sọ. Nígbà tó parí, Stefka ti ń pe ọmọkùnrin náà ní olè. Mo ní tó bá dákẹ́, màá sọ. Nígbà tó dákẹ́, ojú ń tì mí pé mi ò tíì sọ. Bó ṣe ń dọ̀la ni ìtìjú náà ń lé sí i." Ó di ọwọ́ Darka mú. "Kọ ọ́ pé o ò rí ẹ̀rí. Kí ẹjọ́ náà kú bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní mú un, wọn ò sì ní mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín ta ni, Bàbá?" Omi ti lé sójú Darka. "Rodel ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn mọ́, torí ìròyìn wa ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ dúró, ẹ sì ń wò ó."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó fà á yọ.

"Gbangba la ti bú u," ó sọ. "A ò lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀."

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Fada ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Gbogbo ìjọ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Rodel wà níbẹ̀, Darka ló lọ mú un wá. Bàbá Zenon dúró níwájú ògiri náà, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀: fóòmù, ìbọ̀wọ́, àgbá omi, àti bó ṣe dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Àwọn ọkùnrin ń wo bàtà wọn. Ìyá Stefka jókòó lórí àpótí, ó fi épírọ́ọ̀nù bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mo pè é ní olè," ó ń sọ. "Mo bu oúnjẹ fún un, mo tún pè é ní olè."

Fada Markian gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká dárí ji ara wa, ẹ̀yin ará..."

"Fada, ẹ dúró ná," Rodel sọ.

Kò pariwo.

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Àwọn tó wà níbí ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ò sí níbí. Obìnrin kan wà ní àdúgbò Transcona tó ní kí n kó irinṣẹ́ mi jáde lójú ọmọ mi. Ẹnu ìjọ yìí ló ti gbọ́ ọ."

Ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà obìnrin náà, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè máa gbọ́ ọ, ó sì gbé e lé Bàbá Zenon lọ́wọ́.

Fóònù náà ń dún. Ẹni tó ti ń kọrin fún ìjọ láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbé fóònù kékeré náà sẹ́nu. Ohùn obìnrin náà dáhùn pé ta nìyẹn.

"Orúkọ mi ni Zenon Hrabets," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ògiri Rodel ò jò. Èmi ni mo tú u. Mo sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní olè."

"Mi ò gbọ́ yín," obìnrin náà sọ. "Ẹ sọ ọ́ sókè."

Bàbá Zenon wo Rodel. Rodel ò gbójú kúrò.

Ó fa èémí sínú, ó sì tún un sọ, kíkankíkan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lórí àtẹ̀gùn.